Rà á ni, àbí Kọ́ ọ?

Owó tó wà lọ́wọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pinnu ọ̀rọ̀ ilé. Ẹni tí owó ńlá já lé lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà á ra èyí tó ti wà nílẹ̀. Ẹni tí owó ń kán sí lọ́wọ́ á kọ́ tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìpìlẹ̀ lọ́dún yìí, ògiri lọ́dún tó ń bọ̀, òrùlé ìgbà tí Ọlọ́run bá ṣe é. Ìṣirò yẹn kò burú, àmọ́ ó fo ohun kan. Ohun tó ń ba ilé jẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń wà lábẹ́ ilẹ̀ tàbí nínú ògiri tán kí ọ̀dà àkọ́kọ́ tó kàn án. Ẹni tó ń kọ́lé lè rí i kí wọ́n tó bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń ralé, ìgbà tí wọ́n ti bò ó tán ló dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bi ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ yìí lọ̀ mí pé ojú ta ni yóò wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń da kọnkéré ìpìlẹ̀, kí n tó béèrè iye tó ní.

Ilẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni ẹni tó ń ralé ti máa ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ó rí ilé tó dúró, ó rí géètì, ó rí ayálégbé tó ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé, ó wá gbà pé ẹjọ́ ilẹ̀ ti tán. Kò tán. Láti ọdún 1978 tí òfin ilẹ̀ ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, ilẹ̀ tó ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ìní ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba, kò ṣeé gbé fún ẹlòmíràn lábẹ́ òfin láìsí ìfọwọ́sí gómìnà. Bí ẹni tó ń tà á bá ra tirẹ̀ láìgba ìfọwọ́sí yẹn, gbèsè ìwé náà yóò bọ́ sọ́rùn ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé ẹbí tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá kú, ó fi ìyàwó mẹ́ta àti ọmọ rẹpẹtẹ sílẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo tó ń gbé inú ilé náà ló ń mú oníbàárà wá. Ilé-ẹjọ́ ti là á sílẹ̀ tipẹ́: bí ọmọ ẹbí kan bá ta ohun ìní ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà yẹn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá, bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìfi tó àwọn àgbà ẹ̀ka tó kù létí, wọ́n lè lọ gba ilé náà padà ní kóòtù. Ìbuwọ́lùwé ẹnì kan kò tó, ì báà jẹ́ ti mọ́gàjí.

Ẹni tó ra ilẹ̀ gbalasa kò bọ́ lọ́wọ́ èyí náà, ṣùgbọ́n gbangba ni ìyà tirẹ̀ máa ń wà. Ọmọ onílẹ̀ á gba owó ìpìlẹ̀, wọ́n á padà wá gba owó dẹ́kìn, wọ́n á tún wá gba owó òrùlé. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin lọ́dún 2016 tó ka irú owó bẹ́ẹ̀ àti fífi tipátipá wọlẹ̀ onílẹ̀ sí ọ̀ràn, àmọ́ ẹni tó bá ń kọ́lé ní eteetí ìlú mọ̀ pé òfin kì í bá òun sùn ti iyanrìn. Níbi tí a dé yìí, mo gbà pé ẹni tó ra ilé tó ti pẹ́ ló rọ̀ lọ́rùn: ọmọ onílẹ̀ ti gba tiwọn lọ́wọ́ ẹni ìṣáájú. Ṣíṣàyẹ̀wò ní ọ́fíìsì Surveyor-General, láti mọ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà, ló yẹ kí àwọn méjèèjì ṣe, owó awọnlẹ̀ tó máa gbé e lọ síbẹ̀ kò sì ju ẹ̀là nínú owó ilé.

Ìsàlẹ̀ ilé ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìbàdàn, bí a bá gbẹ́ ilẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí mẹ́rin, a ti kan ilẹ̀ pupa líle tó lè gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan láìráhùn. Ní Ajah, Badore àti àwọn ibi tí wọ́n ti fi iyanrìn dí àbàtà lápá Lẹkí, omi la máa bá kí a tó gbẹ́ ibẹ̀ jìnnà. Ìpìlẹ̀ lásán kò lè dúró níbẹ̀. Ẹnjiníà á ní kí wọ́n da ràáfù, ìyẹn kọnkéré onírin tó gba gbogbo abẹ́ ilé, tàbí kí wọ́n ri páìlì mọ́lẹ̀ títí yóò fi kan ilẹ̀ tó lágbára. Owó tí ẹlòmíràn fi kọ́ ilé dé líńtẹ́lì ní Ìbàdàn lè parí sínú ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kọ́lé á mọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, á sì mọ ibi tí òun á ti wá owó sí. Ẹni tó ra ilé níbẹ̀ kò mọ̀ bóyá iyanrìn ni wọ́n fi dí àbàtà náà tàbí pàǹtírí, títí igun ilé kan yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rì.

Ẹ wo búlọ́ọ̀kù náà. Bíríkìlà tó mọṣẹ́ kì í fẹ́ kí búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án tó máa jáde nínú àpò sìmẹ́ńtì oníkílò 50 kan ju nǹkan bíi 25 lọ. Àwọn tó ń mọ ọ́n tà lẹ́bàá títì ń yọ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, torí ibẹ̀ ni èrè wọn wà. Onílé tó bá wà nítòsí lè ní kí wọ́n mọ ọ́n nínú ọgbà òun, kó kà á, kó rí i pé wọ́n ń bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó tò ó. Ti ẹni tó ń ralé, púlásítà dídán ló rí. Kó mú ìṣó kan dání lọ wo ilé, kó fi ha ẹ̀yìn ilé níbi tí ojú kò ti ní tètè kàn án. Bí iyanrìn bá ń dà wọ̀wọ̀, ó ti rí ìdáhùn.

Kọnkéré ló burú jù, torí kò sí ìṣó tó lè bi í léèrè. Sìmẹ́ńtì kan, iyanrìn méjì, òkúta mẹ́rin ni ìwọ̀n tí gbogbo bíríkìlà mọ̀ sórí. Omi ni wọn kì í wọ̀n. Omi púpọ̀ máa ń jẹ́ kó rọrùn láti dà, kò ní pẹ́ kún inú pákó, àwọn alábàárù ò sì ní kùn. Irú kọnkéré bẹ́ẹ̀ ò lágbára nígbà tó bá gbẹ. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń wọn agbára kọnkéré. Síbẹ̀ mo ti rí ibi tí wọ́n ti yọ igi tó gbé dẹ́kìn dúró kí oṣù tó pé, torí pé àwọn tó yá wọn ní pákó fẹ́ kó pákó wọn. Iyanrìn etí òkun tí wọn ò fọ̀ ní iyọ̀ nínú, iyọ̀ yẹn á sì máa jẹ irin nínú òpó láìpariwo. Irin tí wọ́n pè ní mílímítà 16 lọ́jà, ẹ fi irinṣẹ́ wọ̀n ọ́n, nígbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo èyí ni ẹni tó kọ́lé lójú ara rẹ̀ lè dá dúró pẹ̀lú ẹnu lásán. Kò sí ìkankan nínú rẹ̀ tí ẹni tó ralé lè rí.

Ó ti dà bíi pé kíkọ́ ti borí. Àmọ́ àǹfààní tí mo ń kà yìí, ti ẹni tó wà níbẹ̀ ni. Ẹni tó ń gbé ní London tàbí Houston, orí fóònù ni ilé rẹ̀ wà. Àbúrò á pè: "Ẹ̀gbọ́n mi, a ti dé dẹ́kìn o, ẹ bá wa fi owó irin ránṣẹ́." Àwòrán á tẹ̀ lé e, òpó gbọnrangandan, bíríkìlà tó ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n bá dé fún Kérésìmesì ni yóò mọ̀ pé ilé ẹlòmíràn ní ojúlé kẹta ni wọ́n ń yà. A ti gbọ́ irú ìtàn yìí títí kò fi ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ti àbúrò olóòótọ́ kún un. Olóòótọ́ ni, kò jí kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ ilé-ìwé ni. Kò mọ irin 12 yàtọ̀ sí 16, bí bíríkìlà bá sì ní àpò sìmẹ́ńtì márùn-ún ló kù, márùn-ún ló kù nìyẹn.

Kò sì dìgbà tí ènìyàn bá gòkè òkun. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island tó ń kọ́lé sí Mowe ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ń wọlé lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti sùn. Sátidé ló ń dé ibi iṣẹ́. Ọjọ́rú ni wọ́n da kọnkéré. Ó rò pé òun ń kọ́lé. Bí ẹ bá bi mí, ilé ló ń rà lọ́wọ́ bíríkìlà, ó sì ń sanwó rẹ̀ sílẹ̀ kí ilé tó wà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá rí báyìí, tí kò sì ní owó ẹnjiníà tó máa dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ ìpìlẹ̀, lọ́jọ́ òpó, àti lọ́jọ́ dẹ́kìn, kó lọ ra ilé. Ó kéré tán, yóò rí ohun tó ń rà.

Ilé tó ti pẹ́ sì ní ẹlẹ́rìí kan tí kò ṣeé fún lówó ẹ̀yìn, ìyẹn òjò. Èyí ló mú kí n fẹ́ràn ilé tó ti lo ọdún mẹ́wàá ju èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lóṣù tó kọjá lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tuntun ni ojú gbogbo ènìyàn ń lọ sí. Ilé ọlọ́dún mẹ́wàá sábà máa ń ti rì dé ibi tó máa rì dé. Bí ògiri rẹ̀ bá máa là, ó ṣeé ṣe kó ti là. Ìlà tín-ín-rín tó kàn ṣe wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lára púlásítà kò ṣe nǹkan kan. Èyí tó gba igun fèrèsé dàgẹ̀rẹ̀ lọ sókè, tó hàn nínú tó sì hàn lóde, tí ilẹ̀kùn tó wà nítòsí rẹ̀ kò sì padé dáadáa mọ́, ìpìlẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Àpá omi lára àjà ilé, ọ̀dà tuntun tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ògiri nìkan ni wọ́n kùn ún sí, táìsì tó yàtọ̀ ní yàrá kan ṣoṣo: ẹ béèrè ohun tó wà lábẹ́ wọn. Alágbàtà kì í fẹ́ kí ènìyàn wá wo ilé lásìkò òjò. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ lọ, oṣù Kẹfà tàbí Keje, tàbí lásìkò àrọ̀kúrò, kí ẹ sì bi ìyá tó ń ta èèlò ọbẹ̀ lójú pópó ibi tí omi ń dé.

Àwọn ará Ìbàdàn kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún wọn. Omíyalé odò Ògùnpa ti ọdún 1980 wà lẹ́nu àwọn àgbà títí dòní, èyí tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011 sì kọ́ àwọn ọmọ wọn ní tiwọn. Síbẹ̀, tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, tí odò bá gbẹ di kòtò, ẹ ó rí i tí wọ́n ń ta ilé etídò fún àlejò. Èkó ní irú tirẹ̀. Ní Mushin àti apá kan Ṣúrùlérè, wọ́n ti ń da ọ̀dà sí títì lórí ọ̀dà fún ọ̀pọ̀ ọdún, títì sì ti ga ju ilẹ̀ ilé lọ. Ilé tó dára nígbà tí wọ́n kọ́ ọ ti di kòtò tí omi títì ń ṣàn lọ bá. Iye tí wọ́n máa gbà láti gbé ilẹ̀ rẹ̀ sókè, kí wọ́n tún gé ilẹ̀kùn àti fèrèsé bá a mu, kò sí nínú iye tí alágbàtà pè.

Ilé àtijọ́ tún ní àrékérekè méjì. Èkíní, ọ̀pọ̀ ilé láàárín ìlú Ìbàdàn tó dà bíi ti búlọ́ọ̀kù, amọ̀ ni, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ lára. Mi ò bú ilé amọ̀. Ó tutù ju èyí tí à ń kọ́ lónìí lọ, àwọn kan sì ti gbó ju àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rà á pẹ̀lú èrò pé òun máa gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e ti ra ilẹ̀ nìkan nìyẹn. Sìmẹ́ńtì yẹn náà kì í gbé pẹ́ lára amọ̀. Ọ̀rinrin á máa tì í jáde ní ègé ńláńlá. Èkejì ni òrùlé asibẹ́sítọ́ọ̀sì tó wọ́pọ̀ lórí àwọn ilé ìgbà kan. Tó bá dúró jẹ́ẹ́, kò ní ariwo. Bí káfíńtà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé e tàbí fọ́ ọ, eruku rẹ̀ léwu púpọ̀ fún ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ nígbà tí àwọn ọmọ wà nílé.

Ìwé àṣẹ ìkọ́lé ni ẹni tó ń ralé sábà máa ń gbàgbé láti béèrè. Ó béèrè ìwé ilẹ̀, ó béèrè rìsíìtì, kò béèrè pé ṣé ilé tí ìjọba fọwọ́ sí ni èyí tó dúró yìí. Ilé alájà mọ́kànlélógún tó wó ní òpópónà Gerrard, Ìkòyí, lọ́jọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021 pa ènìyàn tó ju ogójì lọ. Àjà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àwọn aláṣẹ sọ pé àwọn fọwọ́ sí. Ilé kékeré kò bọ́ lọ́wọ́ irú rẹ̀: wọ́n gba àṣẹ fún ilé ilẹ̀, wọ́n rí owó, wọ́n gbé àjà lé ìpìlẹ̀ tí kò rò ó tẹ́lẹ̀. Ní Èkó, LASBCA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó ilé kíkọ́, ló máa ń fúnni ní ìwé pé ilé ti parí, ó sì yẹ fún gbígbé. Onílé tí kò ní in lọ́wọ́ pọ̀ jọjọ. Ẹ lò ó láti fi dín owó kù, kí ẹ sì mú ẹnjiníà lọ ka òpó.

Owó ńkọ́? Kí a má fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn. Ẹni tó ń kọ́lé díẹ̀díẹ̀ ń sáré pẹ̀lú ọjà: àpò sìmẹ́ńtì tí kò tó ₦3,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020 ti kọjá ₦10,000 níbòmíràn nígbà tó fi di oṣù Kejì ọdún 2024. Ẹni tó ń ralé máa san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ti alágbàtà àti ti lọ́yà lórí rẹ̀, kò sì rọrùn láti yá a: Báńkì Àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń yọ 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ fún National Housing Fund ló lè rí ẹ̀yáwó tí èlé rẹ̀ dẹ̀, bí sùúrù rẹ̀ bá gùn.

Lẹ́yìn tí ilé bá ti di tirẹ̀, ìyàtọ̀ náà ṣì ń bá a lọ. Ẹni tó kọ́lé mọ ibi tí páìpù gbà nínú ògiri, àgàgà bó bá ní ọgbọ́n láti ya fọ́tò gbogbo ògiri kí wọ́n tó rẹ́ ẹ. Bí omi bá ń jò, ibì kan ni pọ́lọ́ńbà máa fọ́. Ẹni tó ralé, pọ́lọ́ńbà á máa fọ́ kiri títí á fi bá a. Wáyà náà ńkọ́: ilé ìgbà kan, fáánù àti tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n rò fún un, èyí tí wọ́n fi sí ihò iná kò sì lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù. Wáyà mílímítà 1.5 fún gílóòbù, 2.5 fún ihò iná, 4 fún amúlétutù ni réwáyà tó mọṣẹ́ ń lò. Ẹ ṣí ihò kan wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ wo ibi tí sókàwéè wà sí kànga. Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n jìnnà síra tó mítà 30, àmọ́ nínú ilẹ̀ tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 60 níbùú àti 120 lóòró lọ, aládùúgbò lè ti gbẹ́ tirẹ̀ sí ìdí kànga yín láti òdìkejì ògiri. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí yọ sílẹ̀, ẹni tó kọ́ àti ẹni tó rà. Ní ti ikán, ẹni tó ń kọ́lé lè ní kí wọ́n fi oògùn sí ilẹ̀ kí wọ́n tó da jámánì, ìyẹn kọnkéré ilẹ̀ ilé, nígbà tí ẹni tó ń ralé máa ní láti gun àkàsọ̀ wọ inú àjà, kó fi ọ̀bẹ gún igi òrùlé wò.

Ọ̀nà kẹta kan wà tí àwọn oníṣòwò ilé mọ̀ dáadáa, tí ẹni tó ń wá ilé gbé kì í sábà rò: kákáàsì, ilé tí wọ́n kọ́ dé líńtẹ́lì tàbí dẹ́kìn tí wọ́n sì pa tì. Egungun rẹ̀ wà níta. Ẹ lè wọn irin, ẹ lè ha búlọ́ọ̀kù, ẹ lè ka òpó, ẹ sì lè gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìpìlẹ̀ wò kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó. Nínú gbogbo ọjà ilé, èmi ò mọ èyí tó jẹ́ kí ẹni tó ń rà rí nǹkan tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó dá a dúró. Bó bá jẹ́ owó ló tán lọ́wọ́ onílé, ìyẹn rọrùn. Bó bá jẹ́ ikú, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹbí gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ ṣáájú. Bí àmì pupa ìjọba bá wà lára ògiri, tí wọ́n ti fi ewé kókò bò ó, ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì tó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ gun òkè, kí ẹ wo irin tó yọrí lórí òpó, torí òun ló ti ń gba òjò láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi í sílẹ̀. Èyí tó dógùn-ún lójú lásán, búrọ́ọ̀ṣì onírin á fọ̀ ọ́ mọ́. Èyí tó ń ṣí ní ìpele-ìpele, tó sì ti tín-ín-rín níbi tó ti wọ inú kọnkéré, owó ilẹ̀ nìkan ni kí ẹ san fún ẹni tó ni ín, kí ẹ sì yọ owó wíwó kúrò nínú rẹ̀.